Orúkọ Àyálò

Ní Epe, bí o bá ní ẹja wa ò tó tìlú rẹ,
a ó bá ọ jiyàn, a ó rẹ́rìn-ín, a ó bù ú fún ọ jẹ.
Ṣùgbọ́n má dán an wò láti béèrè
ta ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù,
àwa Kọ́lẹ́ẹ̀jì Etí-Ọ̀sà tàbí àwọn Orí-Òkè.
Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti torí ẹ̀ jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
Bàbá mi, ọmọ Orí-Òkè àtijọ́,
kì í bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ ìdíje.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi nà wá.
Lọ́dún keje, ọ̀gá ilé-ìwé pè mí sí ọ́fíìsì,
èmi ará bẹ́ńṣì, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún,
tí ẹsẹ̀ mi le bí àjẹ̀ ọkọ̀.
Kóòṣì Ṣódẹkẹ́ ò wojú mi.
"Sákírù, ṣé o fẹ́ràn ilé-ìwé rẹ?"
Kí lèèyàn ń fèsì sí irú ìyẹn?
Wọ́n gba káàdì mi, wọ́n yọ fọ́tò mi,
wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ẹlòmíì síbẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Pápá ni wọ́n wò kí wọ́n tó yá tèmi.

Ọkùnrin náà ti Badagry wá, bọ́ọ̀sì alẹ́ ló bá dé,
bàtà bọ́ọ̀lù kan, réésà kan, kò gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Bó bá fá irùngbọ̀n láàárọ̀,
á ti yọjú padà kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí.
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀! Ẹ jẹ́ n sòótọ́:
bọ́ọ̀lù ń tẹ̀lé e bí ajá ṣe ń tẹ̀lé ẹni tó mẹ́ran lọ́wọ́.
Gbogbo pápá ń hó, "Sákírù! Sákírù!"
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ dáhùn.
Mùíbátù, tí mo ti ń wò látìgbà Fọ́ọ̀mù Kejì,
kọ orúkọ mi gàdàgbà sára páálí,
ó gbé e sókè fún un.

Méjì sí òdo. Fèrè dún.
Ni ọmọ kékeré kan bá já mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́,
ó sáré wọ pápá, bàtà kan lẹ́sẹ̀,
ó dì mọ́ ọn lórúnkún:
"Bàámi!"

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín náà gbẹ.
Àwọn olùkọ́ Orí-Òkè ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.
"Kí lorúkọ ìyá rẹ?"
Ó wo Kóòṣì. Kóòṣì wo ọ̀sà.
Kò sẹ́ni tó rántí kọ́ ọ pé Sìdíkátù ni,
pé àwọ̀n ló ń tún ṣe lẹ́bàá omi,
pé ó wà láàárín èrò lọ́jọ́ náà,
tó ń gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, tí kò rí ọmọ rẹ̀.

Wọ́n gba ife. Ọdún mẹ́ta, Etí-Ọ̀sà ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.
Kóòṣì ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Pópó-Ọbà báyìí.
Ọ̀gá ilé-ìwé ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ síbi tó tóbi jù.
Odùbẹ̀sàn Sákírù, wọ́n lé e títí ayé,
ẹni tí kò gbá ẹyọ bọ́ọ̀lù kan.
Orúkọ rere sàn ju wúrà, wọ́n wí bẹ́ẹ̀.
Wọ́n fi tèmi ra ife páńda,
ife náà ò tiẹ̀ sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wa.

Bàbá mi bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà,
bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdíje.
"Nígbà tí wọ́n bi ẹ́, kí lo wí?"
Mo ń wá ìdáhùn, ó fẹ́ fìtílà pa.

Mo pàdé ọkùnrin náà lọ́dún tó kọjá, létí ọkọ̀.
"Olórúkọ mi!" Ó gbá mi mọ́ra.
Ó ní orúkọ náà dùn ún gbé kiri,
ó kàn há òun lọ́rùn díẹ̀.
Ọmọ rẹ̀ ti ga, ó gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá.
Mo bi í pé kí lorúkọ ẹ̀.
Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀.